Ọgọ́ta Ife fún Yeter

Inú Àsúmáù dùn sí orúkọ náà ju ẹni tó mú un wá lọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ní Peckham, nígbà tí ìyá Serkan, ará Tọ́kì tó fẹ́ Yusrah ọmọ rẹ̀, kéde pé Yeter lọmọ tuntun yóò máa jẹ́, Àsúmáù ló kọ́kọ́ ṣàmín. Wọ́n kì í bi àna ní ìtumọ̀ orúkọ tó fún ọmọ. Ẹ̀kọ́ ilé kò gbà á. Ẹ̀kọ́ ilé yìí náà ló ti ọ̀pọ̀ wa sí kòtò. Àsúmáù ní kí wọ́n tẹ orúkọ náà sára ọgọ́ta ife fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní àsàlátù.

Ọ̀kan nínú ife náà ló mú lọ fi yangàn ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì àwọn ará Tọ́kì ní Walworth. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Ó bi í pé obìnrin mélòó ni wọ́n ti bí. Àsúmáù ní eléyìí ló ṣìkẹta. Ọmọbìnrin náà wá ṣàlàyé pé “ó tó” ni Yeter. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá ti pọ̀ jù nílé, èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run lè gbọ́, kó fi ọkùnrin ránṣẹ́.

Inú bí Àsúmáù gidigidi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Irú ilé wo wá ni wọ́n wò, tí wọ́n fi ní ó tó, bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo? Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èébú tí yóò bu àna rẹ̀ ló ń tò jọ.

Yusrah ń fọ́mọ lọ́mú nígbà tó já wọlé. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rojọ́ tán.

“Mummy, mo ti mọ̀. Serkan ti explain ẹ̀ fún mi kí ọjọ́ naming tó pé.”

“O mọ̀? O wá ń wò mí tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sára ife?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Àdúrà wo lẹ̀yin gan-an ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá lóyún? Boy, boy, boy. Nígbà tí nurse sọ ní scan pé girl ni, ẹ̀yin lẹ sunkún. Ìyá Serkan ò sunkún o. Wọ́n kàn wá orúkọ fún nǹkan tí gbogbo yín ń rò ni.”

Àsúmáù na ọwọ́ sí ọmọ náà. Yusrah yí i sí ọmú kejì, ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀.

Ife mọ́kàndínlọ́gọ́ta wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà. Àsúmáù fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló tún ní kí wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ ọ́, kó lè hàn ketekete.