Àgùntàn Tí Wọ́n Gé Létí

Ọjọ́ Ajé ni dókítà yóò la orúnkún mi, kò sì ṣèlérí pé n óò tún lè gun òkè lẹ́yìn náà. Tí a kò bá parí ọ̀nà Glyndŵr, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó gba orí òkè àti pápá àgùntàn ní Wales, lọ́jọ́ Sátidé yìí, a jẹ́ pé kò ní parí mọ́ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Idwal ọkọ mi ti ń rìn ín díẹ̀díẹ̀. Máìlì mẹ́jọ péré ló kù ká dé Welshpool, ìlú tí ọ̀nà náà parí sí.

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o. Ogójì ọdún ló fi da àgùntàn kó tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára wọn. Ní géètì kejì, ó dúró gbagidi.

"Ìyá Lleucu, wo etí èyí! Wọ́n gé ṣóńṣó tòsì, wọ́n lu tọ̀tún. Àmì ilé Berwyn nìyẹn. Kí ló ń wá lórí òkè olókè?"

"Ó ń jẹko, bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí àgùntàn ìbátan mi sọnù, kí n mójú kúrò? Ta ló máa gbọ́ tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ẹ̀yìn wa ni ilé Berwyn wà. Wákàtí méjì ni àlọ àtàbọ̀. Mo ní kó pè é lórí fóònù. Ó ní Berwyn kì í gbé fóònù lọ sí pápá. Ó ti bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi so ẹran lọ́rùn, ó wá ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi.

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Jókòó síbí, sinmi ẹ̀. N ò ní pẹ́."

N ò ní pẹ́! Ohun tó ń wí ní gbogbo géètì láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Mo gbé ọ̀pá mi, mo bá tèmi lọ.

Mo ń tiro, òjò ń pa mí, mo ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo fọwọ́ kan òkúta tó wà ní òpin ọ̀nà. Àwa méjèèjì ló yẹ ká jọ fọwọ́ kàn án. Fóònù dún.

"Ìyá Lleucu, Berwyn ní òun ti ta àgùntàn yẹn fún olókè yẹn látọdún tó kọjá! Wọ́n tún fún mi ní tíì, n ò lè kọ̀. Mo ti ń dá a padà báyìí. Ibo lo wà?"

"Ìdí òkúta."

"O ò dúró dè mí?"

"Mo ti dúró, Bàbá Lleucu. Ọdún mọ́kànlá."

 Àgùntàn nìkan ni mo ń gbọ́ tó ń ké. Inú mi dùn pé mo dé, ó sì dùn mí dọ́kàn pé èmi nìkan ni mo dé.