Ilà Ṣọ́ọ̀kì Méjì Lára Ọkọ̀ Enoch

Ìró kan ṣoṣo ló mú kí Ramlah gbé igi tó fi ń po résìn sílẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ishaq, ń fi òòlù kékeré lu ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi Enoch, láti ọ̀tún lọ sí òsì, bó ṣe máa ń ṣe: kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n máa ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, ohùn náà yí padà. Ó di bù, bù, bí ìgbà téèyàn bá ń lu ìrọ̀rí. Ramlah retí kí bàbá rẹ̀ dúró. Kò dúró. Ó lù ú dé ìpẹ̀kun, ó nàró.

"Ojú lásán ló sán," ló wí fún Enoch. "Inú rẹ̀ le. Ọmọ yìí á fi résìn dí i, kí ẹ máa lọ."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fa ilà funfun méjì sí ìdí ọkọ̀ náà.

Ní etí omi Ogbe-Ijoh ní Warri, ilà méjì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn ìyá tó ń gbé ọjà lọ sí àwọn ìlú inú omi kì í bèèrè ọjọ́ orí ọkọ̀, wọn kì í bèèrè orúkọ awakọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá ti rí ilà Bàbá Ishaq, wọ́n á ká ìró sókè, wọ́n á wọlé. Ó lé lógún ọdún tí ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ yìí ti ń fi etí jẹun níbẹ̀.

Ọkọ̀ Enoch sì ti dàgbà. Fáíbà ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó wà nínú ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ró. Lọ́dún tó kọjá Enoch, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Ogunu, ra ẹ́ńjìnnì tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni fáíbà ti ń sán lára àwọn ihò nọ́ọ̀tì, tó ya bí ẹsẹ̀ adìẹ. Bí omi bá gba irú ibẹ̀ wọlé, pákó á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, òde á ṣì máa dán. Àárín odò ni irú ìdí bẹ́ẹ̀ ti máa ń já. Ẹ́ńjìnnì á lọ sísàlẹ̀, omi á gba ẹ̀yìn wọlé. Èrò mẹ́rìnlá ló sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Ramlah ṣe agùnbánirọ̀ tán, tó padà sí Warri. Ó ti rí nǹkan nílé. Bàbá rẹ̀ ń sùn kọjá ìpè àsùbáà. Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, á ní, "Kọjú sí mi jàre, ojú lọ̀rọ̀ wà." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, Ramlah náà á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ogbó ló ń dé, ohun tó rò nìyẹn. Kò rò ó dé ibi òòlù. Àṣé ẹnu àwọn ni bàbá ń wò!

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ lù."

Bàbá rẹ̀ ń wo ibòmíràn. Enoch ló dáhùn.

"Ramlah, you wan teach your papa work? Abeg mix your resin. Water don dey rise."

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì bá Ramlah wí pé ó dákẹ́. Ọmọ wo ló máa dúró láàárín èrò, kó ní etí tí bàbá òun fi tọ́ òun dàgbà ti di?

Òótọ́ ni pé omi ń kún. Ó ti ń fọwọ́ kan àwọn igi tí wọ́n gbé ọkọ̀ lé. Ramlah kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi résìn kun ojú sísán náà. Ó fi oríkèé ìka kàn án, jẹ́jẹ́. Bù. Ó sún sísàlẹ̀. Bù. Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin mẹ́rin ti ń gbé ẹ́ńjìnnì bọ̀ léjìká.

"Make una no hang am!" ló pariwo. "Abeg!"

"Kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí," ni Enoch wí.

Kò kúrò. Ó fa dírílì yọ nínú àpò irinṣẹ́, ó fi ẹnu dírílì náà sábẹ́ ilà ṣọ́ọ̀kì gan-an, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

"Yéè! Ó ti dá ọkọ̀ mi lu!" ni Enoch ké.

Pákó tó yè máa ń tú ìyẹ̀fun gbígbẹ jáde ni. Ohun tó tẹ̀lé dírílì Ramlah dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn. Omi aláwọ̀ àgbo sì tẹ̀lé e, ó ń ṣàn wálẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn ìyá. Ọ̀kan nínú wọn rọra gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n sọ̀ ọ́.

Enoch kọjú sí Ishaq. "Bàbá, ẹ ní inú rẹ̀ le."

Ramlah ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Bàbá náà ni wọ́n ní kí n lu ú wò," ló wí kíákíá. "Ojú ni wọ́n fi sọ fún mi."

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́, Enoch sì ti fẹ́ gbà á. Ishaq ti rí i lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú díẹ̀ nínú pákó jíjẹrà náà, ó fi ìka méjì rún un, ó sì gbójú sókè.

"Ọmọ mi ń bò mí láṣìírí ni," ló wí. "Mi ò ní kó lu nǹkan kan. Etí mi ti di láti ìgbà ààwẹ̀. Ìró kan náà ni gbogbo ọkọ̀ yín ń dún sí mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" ni Enoch bèèrè.

"Ìtìjú ni. Mo rò pé ọwọ́ mi á mọ̀ ọ́n láìsí etí."

Inú bí Ramlah débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ gba òòlù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó sọ ọ́ somi. Ó nu ojú. Ó sọ fún Enoch pé àwọn máa gé fáíbà inú kúrò, àwọn máa ha gbogbo pákó náà dànù, àwọn á gbé tuntun sí i, àwọn á sì fi máàtì fáíbà àti résìn bò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Nine days?" Enoch wo omi tó ṣì ń ṣàn láti inú ihò náà. Kò janpata mọ́.

Ishaq fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilà méjì náà kúrò, ó nù ú títí kò fi ku nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Mọ́kànlá," ló wí. "Ọkọ̀ mọ́kànlá mìíràn ni mo ti fa ilà sí láti ìgbà ààwẹ̀. Ti Ọlágbénró wà nínú wọn."

Ojú Enoch ṣú. Àbúrò rẹ̀ ni Ọlágbénró, ó sì ti kó èrò lọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Netíwọ́ọ̀kì inú omi kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń dún, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Gbogbo èèyàn tejú mọ́ fóònù náà àfi Ishaq. Ẹnu ọmọ rẹ̀ lòun ń wò, torí ibẹ̀ nìkan ló ti lè mọ̀.

Ramlah gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ohùn Ọlágbénró, ó gbọ́ bí Enoch ṣe ń kígbe pé kó yà sí etí omi, kó sọ gbogbo èrò kalẹ̀, kó má bèèrè ìdí. Ó gbọ́ tí Ọlágbénró ní, "I don dey turn." Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó la ẹnu dáadáa kó lè rí i.

"Ó ti gbé e, Bàbá. Ó ti ń yà."

"Ó ku ọkọ̀ mẹ́wàá," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì na òòlù náà sí i.