Orí Ọkọ Mi Wà Nínú Ìkòkò Àwọn Ará Gánà

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lá àlá pé àwọn tó ń ṣọ́ òkun ń ṣèpàdé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bu òkun tiẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n sì dé e pa. Èmi ni mo gbé ti Nàìjíríà. Mo ṣí i, mo rí ẹsẹ̀ Bàbá Túndé, ọkọ mi, nínú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan.

Mo ní, "Orí rẹ̀ dà?"

Ọkùnrin ará Gánà ní, "Orí kan ń pariwo lọ́dọ̀ tiwa o, ṣùgbọ́n òkun tiwa nìyẹn."

Ìjì ń kùn nínú ìkòkò obìnrin Kútọnu, obìnrin náà sì gbá ìkòkò rẹ̀ mọ́ra. Mo figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dà á pọ̀!" Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀. Ni gbogbo wa bá dà á sínú báàfù kan. Orí bá ẹsẹ̀, a sì rí ibi tí ìjì ń gbà bọ̀.

"Bàbá Túndé, ẹ yà sọ́tùn-ún!"

Ó yà, ìjì kọjá. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí lẹ ń wò?"

Ni mo bá jí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí ikùn mi. Mo yáa fọwọ́ wá orí. Ó wà lórí ìrọ̀rí, ó ń hanrun.