Ẹ̀wà Inú Dańda

Dańda ń yí gbiri nínú erùpẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Gyellesu, lápá àríwá. Ẹṣin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀! Ó ń bojú wo ikùn ara rẹ̀, òógùn bò ó.

Dańda la fi ń túlẹ̀ oko wa lẹ́yìn Wusasa. Òun ló ń fa ọmọlanke tó ń kó omi àti àgbàdo wálé. Nígbà tí epo mọ́tò di ohun tápá wa ò ká mọ́, Abdullateef ọkọ mi ta mọ́tò, a gbọ́kàn lé ẹṣin. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Bí Dańda bá kú lónìí, kí la ó jẹ lọ́dún yìí?

"Ẹ gbé e dìde! Kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀!" mo ké sí Abdullateef.

Mo fa okùn, Abdullateef ń tì í lẹ́yìn. Ó dìde, ó ń gbọ̀n.

"Kí lẹ fún un jẹ?" Mo jágbe mọ́ ọkọ mi.

"Koríko àti èérí ọkà ni, bíi tojoojúmọ́. Wallahi!"

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Látìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìlọrin ni wọ́n ti ń bínú sí wa: "Ẹṣin tí àwọn bàbá yín ń gùn lọ́jọ́ Iléyá, òun lẹ̀yin fi ń túlẹ̀ bíi màlúù?" Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo rí wọn tí wọ́n ń lọ sídìí ẹṣin, tí wọ́n fi ìborùn bo nǹkan mọ́ra. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àmọ́ ìyàwó wo ló máa bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí lẹ gbé pamọ́? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Abdullateef gbé korobá omi dé. "Bóyá òǹgbẹ ni."

"Ẹ fún un!" mo ní. Dańda na ọrùn.

"Ẹ má fún un o!"

Ìyá ti sáré dé, wọ́n ta korobá nípàá, omi dànù.

"Ẹ̀wà ni mo fún un. Ẹ̀wà gbígbẹ, ó pọ̀. Bí omi bá kàn án, á wú, ìfun rẹ̀ á bẹ́. Bí ẹṣin bàbá mi ṣe kú nìyẹn." "Àánú Dańda ló ṣe mí. Mo ní kó jẹun bí ẹṣin ọlọ́lá."

Inú bí mi débi pé omijé bọ́ lójú mi. Kí n tó la ẹnu, Ìyá ti gba okùn lọ́wọ́ mi. Láìwọ bàtà, gèlè ti já bọ́, wọ́n ń fà á yí ilé ká kí ìfun rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Bó bá ti fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n á pariwo mọ́ ọn, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Dókítà ẹranko tí a pè ò tíì dé. Àkókò ìrun Alásárì tó, Ìyá ò dúró, wọ́n ní Ọlọ́run mọ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Dańda dúró, ó gbé ìrù sókè, ó yàgbẹ́, tòun ti ẹ̀wà.

"Alhamdulillahi!" Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ìgbẹ́ náà, wọ́n bú sẹ́kún. Okùn ò kúrò lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Islamiyat," wọ́n pè mí, wọn ò wò mí lójú. "Bí ara rẹ̀ bá yá, tẹ́ ẹ bá ń lọ túlẹ̀, ẹ jẹ́ kémi náà fa okùn rẹ̀ lọ sóko."