Ẹ̀dà Tí Kòbàjẹ́tán Fi Pamọ́

Aáyán ló kọ́kọ́ jáde. Kòbàjẹ́tán atún-ẹ̀rọ-ṣe tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn nídìí láptọ́ọ̀pù tí agbẹ̀bí gbé wá bá a, ó ṣí i bí ẹní ń ṣí ìkòkò, ni aáyán mẹ́ta bá sáré gba orí tábìlì kọjá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan pa, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì tún mú egungun ẹran tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Agbẹ̀bí ò mira. Ẹni tó ti ń gba ọmọ tẹ̀jẹ̀-tomi láti ìgbà èwe rẹ̀ kì í tètè kórìíra nǹkan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bí oníbúrẹ́dì àdúgbò ṣe tún gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí òun ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà láàárọ̀.

"Èyí ti kú, Màmá," ni Kòbàjẹ́tán wí. "Omi òrùlé yín ti jẹ inú rẹ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ náà ya obìnrin náà lẹ́nu. "Kò bàjẹ́ tán" lọkùnrin yìí máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá bá a, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Agbẹ̀bí ní kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ló ń dun òun, òun á ra òmíràn. Ímeèlì inú rẹ̀ ni, kò sí níbòmíràn. Aboyún kan tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la ti fi ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i, ojúlówó ìwé náà sì ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń kó kúrò nílé àtijọ́. Dókítà ilé ìwòsàn ní òun ò ní fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ rí ìwé yẹn. Lóòótọ́, agbẹ̀bí ní àpótí ẹ̀dà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù, tó máa ń kó ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Ìwé náà ò sí níbẹ̀.

Kòbàjẹ́tán lá ìka rẹ̀. "Ṣé torí èyí lẹ ṣe ń fajú ro?"

Ó gba ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ìdí ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó sì gbé àpótí ẹ̀dà kan jáde tó lẹ bébà mọ́ lára: MÀMÁ AGBẸ̀BÍ. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá lóṣù tó kọjá kí òun bá wọn pààrọ̀ bọ́tìnnì, òun ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí òun ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn.

Agbẹ̀bí súre fún un, ó súre fún ìyá tó bí i. Wọ́n dúnàádúrà lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, wọ́n fẹnu kò, Kòbàjẹ́tán sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ímeèlì sínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹlé tó ń padà sílé. Ìwé aboyún náà wà láàárín wọn. Agbẹ̀bí fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Kòbàjẹ́tán rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹni yín yẹn, oníbúrẹ́dì. Ìtọ̀ yẹn ṣì ń jò lára rẹ̀?"

Agbẹ̀bí ò kọ́kọ́ lóye. "Ìtọ̀ wo?"

"Èyí tó kọ sí yín nínú ímeèlì. Láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń po ìyẹ̀fun fún gbogbo àdúgbò. Èmi ti ń ra tèmi níbòmíràn. Ìyàwó mi náà ti ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lólobó."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó yé agbẹ̀bí. Oníbúrẹ́dì ò kí i mọ́, búrẹ́dì ń bu lórí pákó rẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó dá agbẹ̀bí lóhùn, ohun tó wí ni pé, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún." Agbẹ̀bí ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, kò rántí ọjọ́ tí ẹnu òun já.

Ẹ̀jẹ̀ ò rí i lára rí, èébì àti ibi ọmọ ò rí i lára rí. Èyí rí i lára. Ó wo àtàǹpàkò ọkùnrin náà, níbi tí ọ̀rá ẹran àti ara aáyán ti jọ ń dán. Òun ló fi ń ṣí lẹ́tà àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé sí agbẹ̀bí, tó ń kà wọ́n bó ti ń họ egungun jẹ.

"O kà á," ló wí.

"Ṣé kì í ṣe pé mo gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ẹ̀dà náà pé? Ẹni tó ń báni se ọbẹ̀, ṣé kì í tọ́ ọ wò ni, Màmá?"

Agbẹ̀bí ká aṣọ náà sókè. Pákó kan gùn láti ògiri dé ògiri, àpótí ẹ̀dà tò lórí rẹ̀ bí eyín, bébà sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan wọn: tíṣà àgbà, télọ̀, lọ́yà, pásítọ̀, ọkọ òun alára. Ó padà sídìí tábìlì, ó mú èyí tó ní orúkọ rẹ̀, ó jù ú sínú báàgì.

"Màmá, owó mi ni mo fi ra àpótí yẹn."

"Ohun inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó jáde.

Agbẹ̀bí ò lọ sílé. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí, ó tún un fọ̀, kó tó yà sí ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ kan imú rẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà ti fọ ilẹ̀ títí ó fi funfun, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń bó. Kò gbójú sókè.

Agbẹ̀bí ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Òun ló gbé ẹ̀rọ náà fún Kòbàjẹ́tán, òun ò sì bi í ní ohun tó ń ṣe lẹ́yìn aṣọ. "Kì í ṣe ẹnu mi, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni."

Agbẹ̀bí mú búrẹ́dì kan lórí pákó, ó bù ú, ó ń jẹ ẹ́ lásán láìlómi, níbi tí àwọn tó ń kọjá ti lè rí i. Oníbúrẹ́dì ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí tó fi gbé e mì.

"Ta ló tún wà lórí pákó ọkùnrin yẹn?"

Agbẹ̀bí dárúkọ wọn. Oníbúrẹ́dì pa iná ààrò, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, ó kó búrẹ́dì tó gbóná sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e rù.

"Ilé tíṣà ló sún mọ́ wa jù," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."