Àwa Mẹ́rin La Wà Níbí

Ọmọbìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀, ó gbé fáìlì dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ta ní ń ti ọ́fíìsì ìjọba bọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín?

Ó ní Tinúọlá lòun ń jẹ́, pé wọ́n rán òun láti Òṣogbo kóun wá ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń dín kù. Jonathan, máníjà wa, ní kó jókòó, ó sáré wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Èmi ni olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì wa tó wà ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà yìí, Jonathan kì í sì í dá nǹkan ṣe láì bi mí.

"Màmá Àdúrà, kí lẹ rí sí i?"

"Kí ni mo tún fẹ́ rí? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ń kà yín, ó ti mọ iye tó fẹ́ yọ."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo kí n tó wá sí Ìwó, ọkùnrin kan wá kà wá lọ́jọ́ Ajé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwa mọ́kànlá ti wà nílé. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí bírò lọ́wọ́ àlejò, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Mẹ́sàn-án ni wá. Mo ní kí àwọn márùn-ún tó dé kẹ́yìn lọ sá pamọ́ sínú yàrá tí a ń fọṣọ, torí ẹni tuntun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. Ẹni tí wọn ò bá rí kà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ ọ́?

Kafilat nìkan ni ò fẹ́ lọ. Ọmọ Kuta ni, opó ọlọ́mọ méjì, èmi ni mo sì bá a wá iṣẹ́ náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi. Wọn ò kọ ọ́ síbi iṣẹ́ kankan rí."

"Wọlé síbẹ̀ jàre! Nítorí tìẹ gan-an ni mo ṣe ń ṣe é." Mo tì í wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé.

Tinúọlá kà wá. "Yàrá méjìlélógún, ẹ̀yin mẹ́rin péré? Ta ló ń fọ ṣíìtì, mà?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń gbálẹ̀?"

"Èmi náà ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ mà ń gbìyànjú o, Màmá." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó béèrè nọ́ńbà fóònù mi, mo yí ìparí rẹ̀ padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Olóyè Oyèdàmọ́lá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wọlé láti Ìbàdàn, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi iye wa ránṣẹ́ sí i láti Òṣogbo pé kó fọwọ́ sí i bó bá jẹ́ òótọ́.

"Jonathan, bó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń ṣe gbogbo iṣẹ́, kí làwọn márùn-ún yòókù ń ṣe níbí?"

Jonathan yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, sà. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán la ń ṣe é, ó sì ń rẹ̀ wá náà ni."

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò mọ̀ pé màá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ òótọ́. Òní tẹ́ ẹ fẹ́ gba ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ lẹ wá ń parọ́."

Ó fọwọ́ sí ìwé náà níwájú mi. Àwọn tí a kà nìkan ló ní kó dúró, kí àwọn márùn-ún yòókù máa lọ.

Mo sáré bá Kafilat lẹ́nu géètì. Mo ti ń retí èébú, ó tọ́ sí mi. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Màmá, bí mo bá dé hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí wọ́n ní kí n mú ẹni tó lè jẹ́rìí pé mo ṣiṣẹ́ níbí wá, ta ni kí n pè?"

"Èmi ni kí o pè. Ta ló tún kù?"

Ó mi orí, ó gbé àpò rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Wọ́n ti kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀."