Ṣúgà Ọjọ́ Ààwẹ̀

Ata ilẹ̀ pupa tó hù yí ẹ̀yìn ilé ìdáná Agatha ká ní Òde-Ayé, tí adìẹ ń tú kiri, irú rẹ̀ náà ni Desmond, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wọn, lọ̀ kúnná, tó rọ sínú ike, tó ń tà fún àwọn ará ìjọ pé oògùn àtọ̀gbẹ ni. Ìyẹn ò dun Agatha. Òun alára ń fi í sọ́bẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé nítorí ike yìí, Àlàmú ọkọ rẹ̀ kó oògùn tí dókítà fún un ní Okitipupa dà sórí ààtàn. Ta ló tún ń fi ètè sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá láyé yìí?

“Ìyá Susan, ó ṣojú rẹ,” ni Àlàmú wí. “Lọ́jọ́ ìkórè, Desmond fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn ṣúgà mi, ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́wàá ni. Mo lo ike kan péré, ó tún wọ̀n ọ́n lánàá, ó di àádóje. Kí lo tún fẹ́?”

Agatha wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Egbò tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà kò san, ó sì ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pẹ sì ni Àlàmú ń gùn jẹun.

Ibi tó ti ń ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, lórí iná lọ́jọ́ kejì lọ̀rọ̀ náà ti yé e. Lọ́jọ́ ìkórè, Àlàmú jẹ òkèlè rẹpẹtẹ, ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, kí Desmond tó wọ̀n ọ́n. Ọjọ́rú tó tún wọ̀n ọ́n, ààwẹ̀ ìjọ ni. Omi nìkan ló wọ ikùn ọkùnrin náà láti alẹ́ àná rẹ̀. Ààwẹ̀ já ṣúgà wálẹ̀, Desmond gbọpẹ́!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Agatha fún ọkọ rẹ̀ ní púpurú jẹ dáadáa kí wọ́n tó lọ. Bí ìsìn ti parí, ó fà á lọ sídìí tábìlì Desmond.

“Wọ̀n ọ́n.”

Desmond rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ jẹ́ ó di Ọjọ́rú. Tí èèyàn bá ti jẹun, kì í dáa.”

Ó mọ̀! Ọmọkùnrin náà mọ̀! Ara Agatha gbóná fòò. Ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé e lé tábìlì. “Mo ní kó o wọ̀n ọ́n, lójú gbogbo ìjọ.”

Ọ̀ọ́dúnrún lé ogójì.

Àlàmú wo ẹ̀rọ náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ìyá Susan,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “oògùn tí mo dà nù yẹn…”

Agatha tú etí ìró rẹ̀. Àwọn páálí oògùn náà rèé, ọ̀kan kò ṣí nínú wọn. “Ọjọ́ tí ẹ dà á nù ni mo ṣà á. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tètè dé Okitipupa.”

Ó wá kọjú sí Desmond. “Ata ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi, wá máa hú u lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ mi, o ò ní rí ìyẹn hú.”